Fọ́tò Abẹ́ Omi

Bí mo bá rí dúrọ́ọ̀mù omi òjò, àbúrò ìyá mi, onífọ́tò Ìtapàjí, ni mo máa ń rántí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi kámẹ́rà tí omi kì í wọ̀ ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Inú dúrọ́ọ̀mù ló ti ń kọ́ ọ, torí ó fẹ́ ya ibojì bàbá rẹ̀ tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀ lóko, kí Yèyé, ìyá rẹ̀, lè tún fojú kàn án. Ó máa ń di èémí mú kó tó tẹ kámẹ́rà, àní lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

“Yèyé, ẹ tọwọ́ bọ omi, kí n fi dánra wò.”

“Ọwọ́ ni ṣáá! Ya ojú mi.”

“Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n yà ná.”

Èyí tó yà ní dáàmù lásìkò òjò, ẹrẹ̀ lásán ló jáde. Ó ní ká dúró de ọyẹ́, kí omi tòrò.

Yèyé kú kí ọyẹ́ tó dé. A wá fọ́tò tí a ó fi ṣe pósítà ìsìnkú, a ò rí. Ta ló tún ń ya ìyá onífọ́tò? A tú gbogbo àpótí fọ́tò àbúrò ìyá mi. Ọwọ́ Yèyé nìkan la bá, lábẹ́ omi, ó mọ́ kedere, pẹ̀lú òrùka tí ọkọ rẹ̀ fi sí i.