Ẹni Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Ife

Láti ìgbà tí mo ti padà dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Jámánì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí ní Gonin Gora ní Kàdúná: ọtí ìlú wo ló dùn jù? Ó ti sú mi. Ọtí ni ọtí. Ó ń korò díẹ̀, ó ń hó díẹ̀, bó bá sì pọ̀ lápọ̀jù, ọlọ́gbọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí òmùgọ̀ níbi gbogbo láyé. Ohun tó yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn ni bí wọ́n ṣe ń jókòó tì í. Èmi ti jókòó tì í ní ilẹ̀ mẹ́rin, ó sì ti rẹ̀ mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sinmi.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọtí mu. Mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Kudenda, títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, tí gbogbo wa sì di ẹni tó ń jí láàárọ̀ láìmọ ibi tó ń lọ. Níbẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti pàdé. Ọmọ Ìlọrin ni, Mùsùlùmí tó ń kírun márààrún, a sì ti ń pè é ní Àlàájì tipẹ́tipẹ́ kó tó fojú kan Mẹ́kà. Kì í fẹnu kan ọtí. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́sàn-án Sátidé, tí àwa tó kù bá kọrí sí ilé ọtí, òun náà á tẹ̀ lé wa. Á ra mọ́ọ̀tì tútù kan, á fẹ̀yìn ti ògiri, á sì máa gbọ́ irọ́ tí à ń pa. Kèfèrí ló ń pè mí, torí pé Mùsùlùmí Ọ̀fà ni bàbá mi, ìyá mi ni mo sì tẹ̀ lé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjà nínú orúkọ yẹn rí.

Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń mutí nílé wa, ẹ jẹ́ kó gbọ́. Lójú rẹ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣí ìgò rẹ. Wàá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án bóyá ó tutù. Ìgò tó bá tán kì í kúrò lórí tábìlì títí ẹ ó fi dìde. Bó o bá sì fẹ́ lọ tọ̀, wàá mú páálí kékeré tí ìgò ń dúró lé, wàá fi bo ife rẹ. Bó o bá dé tó o rí i pé páálí ti yẹ̀, wàá da ọtí náà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìdí. Ayé ò ṣeé fọkàn tán, májèlé ò sì láwọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í bo ife fún ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ìyá ẹni. Èébú ni. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, mo fura sí ọ.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún tí ọ̀rọ̀ ṣàríà gba ìlú kan, ìfura wá pọ̀ sí i. Àwọn ilé ọtí sá kúrò lápá àríwá, wọ́n kó wá sí òdìkejì odò lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ mu nǹkan lápá ọ̀hún á rọ ọ́ sínú fíláàsì tíì, tàbí kó gbé ìgò náà sínú ọ̀rá dúdú bíi pé ó jí i gbé ni. Níbi tí a ń jókòó sí pàápàá, páálí wà lórí gbogbo ife. Tiwa nìkan ni kò ní páálí. Àlàájì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere nítorí kò mutí. Bó o bá dìde, wàá wò ó, òun náà á mi orí: "Máa lọ, mo wà níbí." Nígbà míì á ráhùn pé ẹ̀sìn òun ò gbà kí òun mu ún, àwa wá sọ òun di máígádì rẹ̀.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nínú àwa tá a jọ ń jókòó, ọ̀kan kú, ọ̀kan padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tì. Ìyàwó tèmi ṣaláìsí, ti Àlàájì náà tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Ìlọrin, òun nìkan ló kù sí Mahuta ní Kàdúná nínú ilé tó kọ́. Ó wá ku àwa méjèèjì, ìgò kan àti mọ́ọ̀tì kan, ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti Jámánì pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ọ̀nà Àbújá ò dára mọ́, ó ní, àwọn ajínigbé ti sọ ọ́ di ilé wọn, kí ni mo tún ń dúró ṣe? Mo ní, Àlàájì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi ò ṣàwàdà. Bí mo bá lọ, ta ni ọkùnrin yẹn máa bá jókòó?

Kí n má baà jọ olóríkunkun, mo ní màá kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ná.

Kì í ṣe pé mi ò jáde nílé rí. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, mo máa ń lọ ra ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù ní Kùtọnú. Àwọn wọ̀nyẹn ń mutí níta gbangba, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìrẹsì àti ẹja yíyan, obìnrin ń mu, ọkùnrin ń mu. Ìgò ńlá kan ni wọ́n máa ṣí, wọn á pín in sínú àwọn ife kékeré fún gbogbo ẹni tó wà ní tábìlì, wọn kì í sì í ṣí òmíràn títí yẹn á fi gbẹ. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan pamọ́. Èmi ọmọ Kàdúná ni mò ń wẹ̀yìn kiri. Oníṣòwò tí mo lọ bá bi mí pé ta ni mo jẹ ní gbèsè.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ti yà kí àbúrò mi obìnrin kí n tó dé Jámánì, ìdúró ni wọ́n ń mu ún, bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀. Ọtí náà ò tutù. Mo bi ọkọ àbúrò mi bóyá wọ́n mú iná lọ ni. Òun ló ní ká jáde, torí náà mo fọkàn balẹ̀, nítorí lọ́dọ̀ wa ẹni tó bá ní ká lọ ló ń tọ́jú àwọn èèyàn rẹ̀ títí wọ́n á fi dìde. Àṣé tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan á ra fún gbogbo yín, ẹnì kejì á ra, ó ń yí po bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó kàn mí, mo jókòó bí ọba lórí àga tí wọ́n wá fún mi, gbogbo wọn ń wo ìsàlẹ̀ ife òfìfo. Bàbá arúgbó kan wúkọ́. Ọkọ àbúrò mi fò dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, àlejò mi lẹ jẹ́," ó sì lọ rà á nípò mi. Ohun tó já mi láyà jù níbẹ̀ ni pé wọ́n á fi ife ọtí sílẹ̀ gbayawu, wọn á jáde lọ mu sìgá, wọn á padà wá mu ún lọ láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo wá dé Jámánì. Ọmọ mi tọ́jú mi gan-an, mi ò lè purọ́. Yàrá tèmi ti wà nílẹ̀, ó ti ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, ó tilẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti ń ta gàrí. Ní Sátidé kan, ó mú mi lọ sí ilé ọtí kan lẹ́bàá odò, lọ́sàn-án. Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni wà nípàdé ìjọ. Ife wọn kéré, ó ga tínrín. Bó o bá mu ún tán, ọkùnrin tó so épírọ́ọ̀nù máa gbé òmíràn síwájú rẹ láìbi ọ́, á fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí páálí rẹ. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn mi ni.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo dìde, mo wò yíká bí mo ṣe máa ń ṣe, ọmọ mi ń wo fóònù rẹ̀. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀. Ó mú páálí, ó fi bo ife, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí mo máa padà dé, ife mi ti lọ, ọkùnrin náà ti ṣírò gbogbo rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé ó dàbọ̀. Mo rò pé wọ́n ń lé mi ni. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga nítorí ẹ̀rín. Ó ní ní ìlú yìí, wọn ò ní yéé gbé ọtí wá títí o máa fi bo ife rẹ. Ẹni tó bá bò ó ti sọ pé ó tó òun. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ. Kàdúná ni a ti tọ́ ọ dàgbà, kò sí ohun tí ò mọ̀ nípa bíbo ife.

"Haba, Dádì," ó ní. "Èmi ni mo jókòó síbí o."

Mo ní àṣà lásán ni, ó ti mọ́ mi lára ni.

"Tó bá jẹ́ pé Àlàájì ló jókòó síbí, ẹ ò ní bò ó."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì dùn mí dé egungun pé òun ló sọ ọ́. A rìn padà sílé, ó di ọwọ́ mi mú níbi tí a ti ń sọdá títì bíi pé ojú mi ti fọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa padà, ó tún bi mí bóyá màá wá máa gbé ibẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n délé ná.

Láti Àbújá títí dé Gonin Gora, gbogbo ibùdó àyẹ̀wò tí wọ́n ti dá wa dúró ni mo ti ń rò ó. Mo gbé ilé gbígbóná pẹ̀lú yàrá tó mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo gbé ọkùnrin àgbàlagbà kan ní Mahuta tó ń dá mu mọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ọmọ mi kéré. Ọmọ mi ní ìyàwó, ó ní iṣẹ́, ó ní ọjọ́ púpọ̀ níwájú. Àlàájì ò ní ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mo pe ọmọ mi, mo ní kó má bínú, mi ò ní lè wá, mi ò lè fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Dádì. Mo ti gbọ́." Ó fún ìyàwó rẹ̀ ní fóònù kó lè kí mi, kò sì gbà á padà.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní iwájú ilé ọtí, ó wọ fìlà tuntun, ó sì fi Hausa kí mi káàbọ̀.

"Kèfèrí, sannu da zuwa."

"Yauwa, Àlàájì. Ilé ńkọ́?"

"Alhamdulillahi."

Obìnrin ará Kafanchan tó ni ibẹ̀ gbé ìgò kan àti mọ́ọ̀tì kan wá, kò bi wá léèrè. Àlàájì náà bi mí pé ọtí ibo ló dùn jù. Mo sọ ti Kùtọnú fún un, mo sọ ti Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo sì dé ibi tí mo ti bo ife ní Jámánì, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi apá agbádá nu ojú. Ara mi wálẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ohun tí mo tìtorí ẹ̀ padà nìyí.

Ó wá gbé mọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ," ó ní. "Ọmọ mi obìnrin ti tún yàrá ṣe dè mí ní Ìlọrin láti ṣáájú ààwẹ̀ èṣí. Gbogbo ìgbà tó bá pè ni mo ń ní kó ṣe sùúrù. Wallahi, nítorí tìẹ ni. Mo ní, ta ni Kèfèrí máa bá jókòó? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ ránṣẹ́ sí ọ, mo ní, Ọlọ́run ti dá mi sílẹ̀. Mo ti ta ilé Mahuta. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo kàn ń dúró kí o dé wá palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, ká lè dágbére fúnra wa, mo fẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ kó tú ká bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lò ń padà lọ bá ọmọ náà?" ó bi mí.

Mo ní, "Kò ní pẹ́ mọ́."

"Alhamdulillahi," ó wí, ó sì mu mọ́ọ̀tì rẹ̀ tán.