Ẹgbẹ́ Tó Gba Àsúmáù Lọ́wọ́ Ọmọ Rẹ̀

Apá Àsúmáù kán lọ́jọ́ tí àwọn kan já báàgì rẹ̀ gbà lórí àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé ní Peckham, ní London. Ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló ti ń bọ̀. Ọlọ́pàá ò yọjú. Alhaji Yẹ̀kínì, àgbà mọ́ṣáláṣí wọn, ní kó ṣe sùúrù. Bethany, òyìnbó tó ń gbé lókè rẹ̀, ló ń bá a fọ aṣọ. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè dá rìn mọ́, Bethany náà ló ń dúró dè é níbùdókọ̀.

Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń pariwo pé kí ìjọba lé àlejò ni Bethany ń ṣe. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà máa ń sin ara wọn délé. Kò pẹ́ tí Àsúmáù náà fi gba káàdì ẹgbẹ́.

Hameedah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sí London, gbọ́, ó bínú wọlé.

"Mummy, àwọn tó fẹ́ lé wa lẹ lọ bá ṣe!"

"Lé ta ni? Mo jìyà kí n tó di ọmọ ìlú yìí. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi yọ́ wọlé ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ti sá fún immigration rí! Ẹ ti gbàgbé?"

Àsúmáù gbá a létí.

Ní ìpàdé kan ní Catford, wọ́n ní kí Àsúmáù sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n ti ẹnubodè pa, gbogbo gbọ̀ngàn hó yèè. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tẹ́tí sí i bẹ́ẹ̀ rí. Orí rẹ̀ wú.

Oṣù yẹn náà ni ọkùnrin kan já hìjáàbù Hameedah kúrò lórí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Deptford, tó ní kó padà sílùú rẹ̀. Báàjì ẹgbẹ́ Àsúmáù ló wà láyà ọkùnrin náà.

Àsúmáù sáré gòkè lọ bá Bethany.

"Kì í ṣe irú yín là ń bá wí," ni Bethany wí. "Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kí àwọn oníròyìn gbọ́. Ìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Ọmọ mi ni o!"

"Mo mọ̀. Ta ló ń sin ẹ́ wálé?"

Àsúmáù sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Hameedah gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Hameedah kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kennington.

Alhaji Yẹ̀kínì wá bẹ Àsúmáù pé kó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

"Ọjọ́ tí apá mi kán, Alhaji, ibo lẹ wà?" Ó ṣílẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n máa lọ.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìbò, Àsúmáù ń pín ìwé ìpolongo ẹgbẹ́ ní òpópónà Rye Lane nígbà tí Hameedah ń kọjá. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Hameedah wò ó, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Àsúmáù yíjú sí ẹni tó kàn, ó na ìwé sí i.