Wágùnù Ọ̀fà Ló Ń Kẹ́yìn

Èènì ni ọkọ̀ ojú irin wa. Òyìnbó kan ló ń kó kúrò ní Maitama, tó ń ta ẹrù ilé rẹ̀ lẹ́nu géètì, èmi sì ra fíríìjì kékeré kan níbẹ̀. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ra nǹkan kí n má gba èènì. Mo dúró, mi ò lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi sú kúùkù òyìnbó náà, ó gbé páálí méjì lé fíríìjì mi lórí. "Madam, carry am dey go," ló wí, "nobody dey price am." Mo gbé e dé Nyanya kí n tó tú u wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún inú ọ̀kan. Nínú èkejì ni ẹ́ńjìnnì kan wà tí kò gùn ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ, pẹ̀lú wágùnù ẹrù mẹ́sàn-án. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi ara mi pé kí ni akọ̀wé ìjọba tó ń to fáìlì láti àárọ̀ dalẹ́ fẹ́ fi èyí ṣe.

Bàbá tó bí lánlọ́ọ̀dù wa ló mọ ohun tí a ó fi ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ni Baba fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní yáàdì ẹrù, níbi tí wọ́n ti ń to wágùnù tẹ̀léra kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ọmọ rẹ̀ mú un wá sí Abuja, níbi tí ọkọ̀ ojú irin kankan kò ti rìn nígbà náà. Ó wá di ẹni tí ń jókòó ti táǹkì omi, tí ń wo bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Keffi. Lọ́jọ́ tó rí páálí mi, ó dìde láìmú ọ̀pá. Ó mú wágùnù kan, ó dojú rẹ̀ dé, ó fìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Akọ̀wé, ta ló fún ọ ní irú nǹkan báyìí?"

"Èènì ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí oṣù kan tó pé, ṣọ́ọ̀bù òfìfo tó wà níwájú ilé ti di tiwa. Ilẹ̀kùn mẹ́rin la fi ṣe tábìlì, èyí tí a rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹrù ara ilé tí wọ́n wó. Ihò kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí àárín ibi tí a fi ṣe Ìlọrin gẹ́lẹ́, Alhaji tí a jọ ń gbélé sì ní kí ẹnikẹ́ni má dí i, kànga ìlú òun ni. Alhaji yìí, ọmọ Ìlọrin, ń ta aṣọ lọ́jà, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Ẹnìkẹrin wa ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kàbbà, òun ló kéré jù nínú wa. Rélùwéè kò dé Kàbbà rí láyé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní bí kò bá ní í dé Kàbbà, òun kò bá wa ṣe. Báyìí ni irin wa ṣe yípo bí bẹ́líìtì: ó kúrò ní yáàdì Nyanya, ó kan Kàbbà, ó kan Ìlọrin, ó kan Ọ̀fà tó jẹ́ ìlú Baba, ó sì padà sí yáàdì.

Wágùnù mẹ́ta mẹ́ta ni ìlú kọ̀ọ̀kan ní. Nọ́ọ̀sì ń di òwú àti ìgò abẹ́rẹ́ òfìfo sínú tirẹ̀, Alhaji ń di àgékù aṣọ áńkárá, Baba ń fi igi ìṣáná ṣe gẹdú. Èmi ni mo ń wa ẹ́ńjìnnì, bọ́tìnnì iná rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òfin Baba kò pọ̀. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan wágùnù, igi súyà la fi ń tú ìdè wọn. Bí a bá dé ìlú kan, ẹ́ńjìnnì á gba wágùnù mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, á fà wọ́n síwájú, á sì fi ẹ̀yìn tì wọ́n wọ irin ẹ̀gbẹ́, ìyẹn irin kúkurú tó yà wọ ìlú náà. Kò gbọdọ̀ ti ju mẹ́ta lọ, nítorí wọ́n á fò kúrò lórí irin. Ọkọ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò ní yáàdì àfi bí ọ̀gá yáàdì bá gbé àsíá rẹ̀ sókè. Àsíá náà kò tóbi ju áńkáṣíífù lọ, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ṣí. Ó bá Baba bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ rélùwéè.

Baba ni ọ̀gá yáàdì. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, kí èmi àti nọ́ọ̀sì tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ti to ọkọ̀ tán, wágùnù Ọ̀fà tirẹ̀ á sì wà nídìí pátápátá. Orí wa a máa wú. Alhaji a ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ àgbà!" Èmi náà ti sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé mo mọ bàbá kan tí kì í fi ara rẹ̀ síwájú ọmọdé.

Àfi bí Baba ṣe sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé wọ́n ti kan òrùlé ilé òun ní Ọ̀fà, òun ń lọ sílé. Onígbàjámọ̀ kan ti ń bẹ lánlọ́ọ̀dù fún ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí Baba nìkan ni lánlọ́ọ̀dù kò ṣe tíì fún un. Baba wá bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n fẹnu kò: ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, akọ̀wé ni yóò to ọkọ̀. Bí ẹrù bá dé Kàbbà, Ìlọrin àti Ọ̀fà kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbì, láìsí ọwọ́ tó kan wágùnù, ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́ tiwa, àsíá yóò sì di tèmi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí a di irin wa padà sínú páálí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ń to fáìlì, mo ń fẹnu fọn fèrè ọkọ̀. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ibà ni.

Sọ́ńdè dé. Onígbàjámọ̀ ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú téèpù, ó ń wọn ibi tí yóò gbé dígí sí. Mo wo wágùnù mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Mo ní ọjọ́ ìkẹyìn Baba nìyí, ṣé èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni màá fi bàbá àgbà sídìí ọkọ̀ níwájú àlejò? Rárá o. Mo so tirẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ti Alhaji tẹ̀lé e, ti nọ́ọ̀sì kẹ́yìn.

"Yauwa!" Alhaji kan sáárá sí mi. "Ọmọ tó mọ àgbà nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì pàápàá mi orí pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Gíláàsì ojú rẹ̀ ni Baba ń nù ní tirẹ̀. Ó gbé àsíá, mo gbéra, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

A dé Kàbbà. Wágùnù Kàbbà wà nídìí lọ́hùn-ún! Kí wọ́n tó lè wọ irin ẹ̀gbẹ́, mo ní láti ti gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sẹ́yìn. Mo tì wọ́n díẹ̀. Wágùnù àárín gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. "Dúró! Dúró!" nọ́ọ̀sì kígbe. Mo dúró, ó sì rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri kejì.

Mo wo Baba. Àjà ló ń wò, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín ló ń pa á lọ. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìrẹ̀lẹ̀ wo? Ọ̀fà ló jìn jù, ìdí ọkọ̀ ni àyè rẹ̀! Ẹni tó kọ́kọ́ máa já ẹrù ló ń sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, a kò bi í léèrè ọjọ́ orí. Ẹ̀rín gbé èmi náà. Ìtìjú mú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀nà kan ló kù. Irin wa yípo, n kò lè padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo lè lọ síwájú. Mo ṣí iná ẹ́ńjìnnì dáadáa, mo kọjá Kàbbà láìjá nǹkan kan.

"Àwọn aláìsàn mi ń dúró o!" nọ́ọ̀sì pariwo.

"Kai! Àǹtí, ẹ ti kọjá Ìlọrin! Aṣọ mi ń kọ́?"

"Ó ń bọ̀, sà!"

Mo gba Ọ̀fà kọjá pẹ̀lú gẹdú Ọ̀fà lẹ́yìn mi, mo wọ yáàdì. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, igi súyà lọ́wọ́ mi.

"Baba, ẹ má bínú, sà, ẹ̀yìn ni màá fi yín sí."

"Ibẹ̀ náà kọ́ ni mo ti ń wà? Àbí ta ló sọ fún yín pé ìrẹ̀lẹ̀ ni?"

Mo tú wágùnù Ọ̀fà mẹ́ta, mo fà wọ́n síwájú, mo tì wọ́n wọ irin ẹ̀gbẹ́ ti yáàdì. Mo padà wá fa ti Ìlọrin, mo tì wọ́n títí wọ́n fi kan ti Ọ̀fà, kọ́! wọ́n so mọ́ra. Mo padà wá fa ti Kàbbà, mo tì wọ́n kan ti Ìlọrin, kọ́! Baba tún gbé àsíá. Alhaji ti gbé bútà, ó ti ń ṣàlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára wa. A já òwú ní Kàbbà. A já áńkárá ní Ìlọrin. Wọ́n ti ń fọwọ́ gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́sáláṣí nígbà tí mo ń ti gẹdú Baba wọlé. Wágùnù tó kẹ́yìn wọ Ọ̀fà, ìpè ìrun sì gba àdúgbò kan. Nọ́ọ̀sì fò mọ́ mi, a jọ ṣubú lulẹ̀. Onígbàjámọ̀ ká téèpù rẹ̀, ó ní jọ̀ọ́, ṣé òun náà lè ní wágùnù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a sin Baba dé páàkì. Bọ́ọ̀sì náà máa já èrò ní Kàbbà àti Ìlọrin kó tó dé Ọ̀fà. Dírẹ́bà rí ewú orí rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn iwájú fún un.

"Baba, ẹ wá jókòó síwájú, sà."

"Ta ló kọ́kọ́ ń sọ̀ kalẹ̀?"

"Ará Kàbbà ni, sà."

"Kí ará Kàbbà jókòó síwájú."

Ó gba àárín èrò kọjá, ó lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá. Èmi àti nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Dírẹ́bà ṣáná sí mọ́tò. Ni Baba bá yọrí lójú wíńdò ẹ̀yìn, ó pariwo dé iwájú pé, "Dírẹ́bà, dúró! Ọ̀gá yáàdì kò tíì gbé àsíá."

Gbogbo èrò yíjú sí mi. Àsíá náà wà nínú báàgì mi, mo mú un jáde. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá gbé e, kò ní í lọ. Mo dì í mú pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà, mo gbé e sókè.