Egúsí Tí Kò Lóróró

Láti àárọ̀ ni mo ti ń po egúsí lílọ̀ yìí nínú ilé mi ní Òkè-Ìlá. Apá fẹ́ já, òróró kò jáde. Ọwọ́ mi ń rùn fún àgbàdo. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ fún adìẹ.

Robo ni mo fẹ́ dín fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àìsàn ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, irú robo tí ìyá wa máa ń ṣe nìkan ló ń bèèrè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ra robo nínú ọ̀rá, ṣé ẹ mọ ibi tó ti wá? Ní oko wa ní Ìjàn, a ó fọ́ bàrà egúsí, a ó fi sílẹ̀ kó jẹrà. Àlejò á dímú, àwa á máa rẹ́rìn-ín. A ó fọ̀ ọ́ lódò, a ó sá a sórí ẹní. Bí a bá ń bó o lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá wa á ní ká máa kọrin ìsìn, kí ẹnu wa má baà ráyè jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi á kó egúsí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì tún kọrin ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí ìyá wa bá lọ̀ ọ́ tán tó ń pò ó, òróró á ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òróró egúsí yẹn náà ló fi ń dín robo, á sì fi èyí tó kù pa wá lẹ́sẹ̀.

Obìnrin tó ta tèmi fún mi lọ́jà ní, “Màmá, egúsí kan náà ni.” Irọ́ ni! Wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tà lọ́tọ̀, wọ́n wá fi ìyẹ̀fun àgbàdo dí i. Mo fi òróró inú ìgò dín in bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gé díẹ̀, ó rọra tu ú sọ́wọ́. “Mo ti yó,” ló wí. Ó dùn mí dénú egungun.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjàn. Àwọn alájàpá ti kó egúsí ọdún yìí tán. Èyí tí ọmọ àbúrò bàbá wa fi pamọ́ fún gbígbìn nìkan ló kù, ó sì ń kùn bó ti ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi. Mo fi èékánná bó o, mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, òróró sì jáde wẹ́rẹ́. Ilẹ̀ kò yí padà, egúsí kò yí padà. Àwa tí à ń tà á la bà á jẹ́.

Mo fi gbogbo rẹ̀ dín robo, mo gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó lá ìka rẹ̀, ó na àwo sí mi.

“Ọmọ yèyé mi, robo ulé wa rèé o. Fún mi sí i.”

Kí ni mo fẹ́ fún un?