Ọkọ̀ Tí Ìyá Mi Rà Ní Gbàǹjo

Òórùn gásóòlù tó dà sínú gààrí ni òórùn ọjọ́ náà ní imú mi. Bí mo bá gbọ́ ọ lónìí níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, inú á kọ́kọ́ bí mi kí n tó rántí ohun tó fà á. Ìgbà ìjọba Rẹfolúsọ̀n àwọn sójà ni, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kamaráàdì. Èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan, à ń ti Savalou bọ̀ wá sí Bantè, ìlú wa. Gààrí tí a gbé dání wà láàrin wa, gálọ́ọ̀nù gásóòlù sì ń jò sí i lára. Ìyá mi ló ra ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Opó ni ìyá mi. Bàbá mi ti kú kí n tó wọ iléèwé, iṣu ni ìyá mi sì fi tọ́ mi. Á ra iṣu lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Agoua, á kó o lọ tà ní Savalou. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Agoua láyé ìgbà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òjò bá ti rọ̀, àwọn awakọ̀ á ní àwọn ò lè fi ọkọ̀ àwọn ṣòfò nínú ẹrẹ̀. Iṣu á wà lẹ́bàá ọ̀nà, oòrùn á pa á, òjò á pa á, yóò sì rà. Mo ti rí ìyá mi tó ń fi ọ̀bẹ gé ibi tó ti rà kúrò láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta àwọn ọkọ̀ ìjọba ní gbàǹjo ní Savalou, ìyá mi ta aṣọ òkè tí bàbá mi fi fẹ́ ẹ, ó ta ewúrẹ́ rẹ̀, ó ta ìlẹ̀kẹ̀ ìyá tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ olówó kiri fún ọdún pípẹ́. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nawọ́." Nílé tiwa, opó kì í nawọ́ dá iye láàrin ọjà níbi tí ọkùnrin ilé ọkọ rẹ̀ bá wà. Wọ́n ní bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ka àwọn náà mọ́ òkú nìyẹn.

Abẹ́ igi máńgòrò ni gbàǹjo náà ti wáyé. Ọkùnrin tó ń tà á ń fi Faransé pariwo, ó ń fi igi lu agolo. Ìyá mi gbọ́ Máhì, èdè àwọn ará Savalou, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Faransé. Bí iye bá ti gòkè, Bàbá Kékeré á bojú wẹ̀yìn sọ iye náà fún ìyá mi, ìyá mi á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ Bàbá Kékeré á sì lọ sókè. Nígbà tí agolo dún kẹ́yìn, ọkùnrin náà béèrè orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Bàbá Kékeré fi ọwọ́ lu àyà, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ ketekete.

Èmi gbọ́. Iléèwé tí ìyá mi fi iṣu rán mi lọ ló jẹ́ kí n gbọ́. Mo fa ìró rẹ̀, mo ní, "Ìyá, orúkọ ara wọn ni wọ́n dá o." Ìyá mi ní, "Kolẹ́ẹ̀tì, pa ẹnu dé. Ilé kan náà ni. Sùúrù ni baba ìwà." Bí ẹ bá rí i bí inú rẹ̀ ti dùn tó! Ó ń fi ọwọ́ pa ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Àyè iwájú, ọ̀rẹ́ Bàbá Kékeré kan ló gbà á, wọ́n ní ó mọ ẹ́ńjìnì. Ẹni tó ra ọkọ̀ gun ẹ̀yìn bí ẹrù.

Bí a ti ń kọjá ní Gouka ni Bàbá Kékeré ń fun fèrè, tí àwọn ènìyàn ń juwọ́ sí i. Nígbà tí a dé ilé, bàbá àgbà wa ti gbé igbá omi síta. Àṣà ilé wa ni pé bí nǹkan ńlá bá wọlé, wọn á da omi síwájú rẹ̀, ẹni tó ni ín ni yóò sì kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ tútù náà. Bàbá àgbà da omi síwájú táyà. Bàbá Kékeré sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Agboolé hó yèè. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ lé lẹ́yìn ọkọ̀ ni.

Ó rìn yí ọkọ̀ náà ká, gbogbo ara rẹ̀ ń rùn fún gásóòlù, ó sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ kú orí ire, ọkọ mi." Mo pariwo, mo ní, "Ìyá mi ló rà á! Ìyá mi ló rà á!" Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dìde, tó gbá mi létí.

Bàbá Kékeré kò gbé ọkọ̀ náà dé Agoua rí. Ó ní ọ̀nà yẹn yóò ba ọkọ̀ òun jẹ́. Ọkọ̀ òun! Òwú àwọn ẹlòmíràn ló ń kó. Lọ́jọ́ òjò kan, èmi àti ìyá mi dúró ti iṣu lójú títì, ọkọ̀ náà ń bọ̀, ó fun fèrè kí wa, ó sì kọjá lọ. Ìyá mi na ọwọ́ sókè, ó dá a lóhùn. Ọwọ́ tí kò lè nà ní Savalou nìyẹn.

Mo ti di tíṣà báyìí, mo ti dàgbà ju bí ìyá mi ti rí nígbà náà lọ. Nígbà tí Bàbá Kékeré kú, a péjọ láti sin ín. Àgbà kan dìde, ó ní òkú yìí ló kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ wọ agboolé wa. Ìyá mi tó ti di arúgbó ṣe àmín. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti sọ òtítọ́, mo wo ilẹ̀, mo dákẹ́. Kò sì sí ẹni tí ì bá gbá mi létí mọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ kì í ṣe tara mi ni mo dákẹ́ lé lórí. Ọmọ tó pariwo níwájú táyà lọ́jọ́ yẹn sàn jù mí lọ.

Ìyá Kolẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ayé ń pè é. Abẹ́ní ni orúkọ rẹ̀. Abẹ́ní ló rà á.