Àwọ̀n Ẹja Tí Mo Fi Yí Ilé Adìẹ Mi Ká

Eku fojú mi rí màbo láàárọ̀ yìí o!

Adìẹ mi kan ń sàba lẹ́yìnkùlé, eku sì ń jí ẹyin rẹ̀ gbé. Lánàá, màmá ọkọ mi, tó ń yan ẹja ní Ajídò, fún mi ní ògbólógbòó àwọ̀n pé kí n fi yí ilé adìẹ náà ká. Mo yí i ká, mo sì sùn fọnfọn.

Nígbà tí mo jí, ìkùukùu ti ti orí ọ̀sà wá bo gbogbo àgbàlá. Inú ìkùukùu náà ni mo ti rí wọn. Eku so rọ̀ mọ́ àwọ̀n bí èso, wọ́n ń lá a jẹ́jẹ́. Adìẹ ń wò wọ́n. Èmi náà ń wò wọ́n. Ó dà bí àlá.

Mo pe Màmá lórí fóònù, mo ròyìn ohun tí mo rí.

"Ṣé o fọ̀ ọ́?"

"Ẹ ò sọ pé kí n fọ̀ ọ́, Mà."

"Háà, ìyàwó mi! Ta ni wọ́n ń kọ́ pé kó fọ àwọ̀n ẹja? O se àsè fún eku nìyẹn!"

Mo fọ̀ ọ́, mo da omi rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Eku ti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ èyí, gbogbo ológbò àdúgbò wa ní Àjàrá ló jókòó sídìí ọgbà mi, wọ́n tẹjú mọ́ adìẹ.

Ẹ̀yin ará, kí ni wọ́n fi ń lé ológbò? Ẹ má ṣáà sọ pé ajá.