Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Sórí Ààrò Ẹja

Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mo fi jẹun ní Ìgbókòdá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá ní kí n sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dùn mí dọ́kàn jù, Aráròmí ni màá mú yín lọ, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Gbogbo Sátidé ni mo ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní, ọkùnrin kan tó ti bá àwọn tó ń wa epo ṣiṣẹ́ ló fún wa. Tíṣà wà nínú wa, apẹja wà, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe náà wà, òun tí í fẹ́ fi sípánà ṣí gbogbo nǹkan. Ìyá Bọ̀sún, tó ń yan ẹja tà, ló dé gbẹ̀yìn. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní sùúrù tó wọn.

Nígbà tí òkun súnmọ́ itẹ́ òkú, àwọn ará ìlú fẹnu kò pé àwọn á kó egungun èèyàn wọn lọ sí ilẹ̀ tó jìnnà sómi. Àmì orí sàréè ti lọ tipẹ́. Bàbá Jeremáyà tó ń gbẹ́ sàréè nìkan ló mọ ibi tí oníkálukú wà. Bàbá ń sọ ọ́, Ìyá Bọ̀sún ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, oṣù mẹ́ta gbáko. Kò pẹ́ tí wọ́n parí ni Bàbá kú. Èmi ló yẹ kí n ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sínú dísíìkì, Sátidé méjì léra wọn ni mo sì gbàgbé dísíìkì sílé. Ọ̀gá kọ̀ǹpútà nìyẹn o.

Lọ́sẹ̀ kẹta, òkun ya wọ ilé ẹgbẹ́, ó bo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀. Mo tú u, mo fi omi òjò ṣan iyọ̀ kúrò. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n etí itẹ́ òkú ti ń já bọ́ sómi, àwọn ẹbí sì dúró tì mí pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ojú tì mí láti ní kí wọ́n dúró. Mo gbé e sórí ààrò Ìyá Bọ̀sún, ooru díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ.

Ìyá fà mí sẹ́yìn díẹ̀. "Ọmọ mi, ẹja máa ń gbẹ lójú kó tó gbẹ nínú. Fún un lọ́jọ́ mẹ́ta sí i."

Mo dá wọn lóhùn pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹja. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dún pàù, èéfín rú jáde. Mo gbé e dé Èkó, wọ́n ní kò sí ohunkóhun tó ṣeé yọ níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ará ìlú kó gbogbo egungun tí wọ́n rí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ti ta nìyí. Ìlà kan ṣoṣo ni Ìyá rántí nínú gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀, èyí tó sọ ibi tí Bọ̀sún ọmọ wọn tó kú sómi wà. Wọ́n rìn tààrà lọ síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ẹ, wọ́n sì rí bẹ́líìtì tí Ìyá rà fún un níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ tuntun, kòtò ńlá kan ló wà fún gbogbo àwọn tí a kò mọ̀, kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún Bọ̀sún. Ìyá gbé ọmọ wọn nínú aṣọ funfun, wọ́n wo àwọn ìyá yòókù, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò ńlá.

"Ẹ má ya tèmi sọ́tọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo tẹ orúkọ gbogbo wọn. Ṣé kí n wá dá tèmi nìkan mọ̀?"

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Títí Ìyá fi kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu wọn pé wọ́n kìlọ̀ fún mi. Èmi ni mò ń sọ ọ́ báyìí.